Lẹ́tà Méje fún Sájẹ́ńtì

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ àwọn ológun sọ pé, ní ọjọ́ tí ọta ìbọn wọ itan bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò kúrò ní ibùdó rárá. Ilé ìkẹ́rù ló ń ṣọ́.

Aránṣọ kà á lórí ìdúró. Ó jókòó, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó yọ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ó ní kí oníbàárà tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán padà lọ́la, ó sì gba ọ̀dọ̀ Arídìí lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ Arídìí ládùúgbò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Yàrá kan ló ń lò lókè ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan, níbi tí ariwo irin kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ìtumọ̀.

"Jókòó," ni Arídìí wí. "Má sunkún sórí tábìlì mi, ìwé ló wà níbẹ̀."

"Màmá, mi ò sunkún."

"O ti fẹ́ sunkún. Kó ìwé náà wá."

Aránṣọ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ń pe bàbá rẹ̀ ní Sájẹ́ńtì. Nígbà ogun, níbi afárá kan, ó gbé ọmọ ogun méjì tó farapa jáde lábẹ́ ìbọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọta tó wọ itan òsì tirẹ̀. Dókítà sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì pé wọn yóò fún un ní mẹ́dàlì méjì: ọ̀kan fún ìgboyà, ọ̀kan fún ọgbẹ́. Ogun parí. Kò rí ọ̀kankan. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógójì tó ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ìwé òun ṣe. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnì kan tó ti gbọ́ ohun tí àkọsílẹ̀ sọ dìde láàárín èrò, ó béèrè bóyá eku ilé ìkẹ́rù ló bu Sájẹ́ńtì jẹ ní itan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kò tún padà síbẹ̀ mọ́.

"Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnṣe ìwé ológun yóò jókòó fún ìgbà ìkẹyìn ní Ọjọ́bọ̀," ni Aránṣọ wí. "Tí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, wọ́n á ti fáìlì náà pa nìyẹn. Bí òpùrọ́ ni yóò ṣe kú."

"Ajé lòní." Arídìí gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà á gbọ́?"

Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo fẹ́ mọ òtítọ́ ni."

"Ìyẹn ni pé o ò gbà á gbọ́."

Aránṣọ jẹ́wọ́ ìyókù. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ kan tí nǹkan sú u, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi irọ́ yìí sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ ogun mọ́. Bàbá Akọ̀wé nìkan ló ń bá sọ ọ́.

"Ta ni Bàbá Akọ̀wé?"

"Ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n jọ ja ogun. Òun ni akọ̀wé ibùdó wọn nígbà náà. Bàbá mi ò kàwé, òun ló ń bá wọn kọ gbogbo lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀meje ló ti kọ ìwé ẹ̀rí. Màmá, bàbá ni fún èmi náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi wú, òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Ta wá ni o fura sí?"

"Ọkùnrin tó ń ṣọ́ fáìlì lọ́fíìsì wọn. Ẹ̀ẹ̀meje ló dá lẹ́tà padà. Ojú rẹ̀ burú bí ẹni tí bàtà ń fún."

"Ojú burúkú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ni Arídìí wí, ó sì ń wá báàgì rẹ̀. "Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá wà."

*

Ojú ọkùnrin náà burú lóòótọ́. Ó dúró lẹ́yìn káńtà onígi kan, kò kí wọn, kò ní kí wọ́n jókòó.

"Ẹ tún ti dé," ló sọ fún Aránṣọ.

"A tún ti dé," ni Arídìí dáhùn. "Ta ló yọ ìwé nínú fáìlì Sájẹ́ńtì?"

"Ìyá, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ewé kan ò tíì sọnù lábẹ́ ọwọ́ mi láti ọdún méjìdínlógún."

"Èéṣe tí ẹ fi ń dá lẹ́tà rẹ̀ padà nígbà náà?"

Ọkùnrin náà wo àwọn méjèèjì, bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wọlé lọ. Ó gbé fáìlì kan jáde, ó sì da inú rẹ̀ sórí káńtà. Ẹ̀dà lẹ́tà méje ni. Ó ti so bébà kékeré kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí i.

"Ẹ kà á. Àkọ́kọ́, kò buwọ́ lù ú. Mo kọ ọ́ sí i kedere pé kó buwọ́ lù ú. Ó buwọ́ lu ìkejì, ṣùgbọ́n ó gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn nínú nọ́ńbà ológun ọkùnrin yẹn. Mo tún kọ ọ́. Ó tún nọ́ńbà ṣe, ó wá fi ọjọ́ kan lé ọjọ́ ogun náà. Mo tún kọ ọ́. Èyí kò ní òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́. Èyí, ẹgbẹ́ ogun tí kì í ṣe tiwọn ló kọ síbẹ̀." Ó gbá káńtà. "Ẹ̀yin ń bínú sí mi! Èmi gan-an, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo rò pé arúgbó ni, ojú ti ń ṣe é."

Arídìí to lẹ́tà méjèèje sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ń fi ìkan wé ìkan.

"Aránṣọ, o ní ọmọọṣẹ́?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"Èyí tí kò tètè mọ iṣẹ́ nínú wọn, báwo ló ṣe máa ń ba aṣọ jẹ́?"

"Ọrùn. Ó máa ń gé ọrùn fẹ̀ jù. Màá bá a wí títí, lọ́la á tún gé e fẹ̀."

"Ká ní ọrùn ló bàjẹ́ lónìí, o bá a wí. Lọ́la, ọrùn dára bí èyí tí ìwọ fúnra rẹ gé, ṣùgbọ́n apá kan kúrú. O bá a wí. Apá dára, ó wá rán àpò sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí aṣọ fi di méje, kò sì ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì rí."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́," ni Aránṣọ dáhùn kíá. "Ìyẹn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó mọ̀ọ́mọ̀..."

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọwọ́ rẹ̀ wá káńtà dì mú.

"Rárá," ló wí. "Màmá, rárá. Ẹ ò mọ̀ wọ́n ni."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ríran." Arídìí kọjú sí ọkùnrin fáìlì. "Ẹ bá mi mú fáìlì akọ̀wé náà wá."

"Mi ò gbọdọ̀ fi fáìlì ẹlòmíràn hàn yín."

"Ẹ má fi hàn mí. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á. Bí mo bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ kàn pa á dé."

Ọkùnrin náà rò ó. Ó lọ mú un wá. Ó gbé e sókè síwájú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo dígí.

"Ọgbẹ́ ìbọn," ni Arídìí wí. "Itan òsì. Ọjọ́ ogun afárá yẹn gan-an. Mẹ́dàlì méjì."

Ojú ọkùnrin náà lọ sílẹ̀ lórí ìwé, ó tún gòkè wá. Ó pa fáìlì dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

*

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni Aránṣọ béèrè lójú ọ̀nà.

"Ọgbẹ́ kì í pòórá. Dókítà rí i, ó kọ ọ́. Bí kò bá sí lórúkọ bàbá rẹ, ó ní láti wà lórúkọ ẹnì kan. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n wá a kàn? Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé ìbọn ba òun náà lóòótọ́."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ bá nọ́ọ̀sì."

Ọkùnrin fáìlì ló júwe rẹ̀ fún wọn, nígbà tó ti sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tí kò sì sí ẹni tó ń wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó bójú tó wọ́ọ̀dù yẹn nígbà ogun ṣì wà láàyè. Wọ́n bá a ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ọmọ rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu ewé òdòdó tó wà létí fèrèsé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Arídìí sọ ọjọ́ náà sí i létí, kò ní kí wọ́n tún un sọ.

"Mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ìwé ìjọba. Tèmi ni. Ẹni tó bá ń kú lọ máa ń fẹ́ kí wọ́n bá òun jẹ́ iṣẹ́ kan fún ẹnì kan."

Ó fa ìwé kékeré kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Arídìí ṣí i, ó fi ìka tọ ìlà, ó dúró. Nọ́ńbà Bàbá Akọ̀wé, èyí tó kọ sínú àwọn lẹ́tà rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Itan òsì.

"Báwo lẹ ṣe mọ orúkọ wọn?"

"Irin nọ́ńbà tó wà lọ́rùn wọn. Ohun tí a bá kà lára irin la máa ń kọ." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo rántí ìyẹn. Tí mo bá pè é lórúkọ, á ní òun kọ́. Mo ní ibà ló ń dà á láàmú."

"Iṣẹ́ wo ló rán?"

"Ẹ kà á. Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Aránṣọ ló kà á. *Kí wọ́n sọ fún ìyàwó mi tó wà nínú oyún pé kó má ta maṣíìnì ìránṣọ. Bí ó bá bí obìnrin, kó kọ́ ọ.*

Bàbá Akọ̀wé kò ní ìyàwó nígbà ogun. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ló gbéyàwó. Aránṣọ wà lára àwọn ọmọdé tó tẹ̀lé ìyàwó. Maṣíìnì náà sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí di òní, èyí tí ìyá rẹ̀ kò gbà fún ẹnikẹ́ni láti rà.

Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Sunkún," ni Arídìí wí, ó sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bàbá rẹ mọ ohun kan tí kò sọ fún wa. Irin akọ̀wé kò fẹsẹ̀ rìn dé ọrùn rẹ̀."

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Bàbá Akọ̀wé dé sí yàrá Sájẹ́ńtì bó ṣe máa ń dé, kò kan ilẹ̀kùn. Ó ga, ó mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le. Lẹ́tà kẹjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpòòwé.

"Sájẹ́! Èyí ni yóò fọ́ wọn lórí. Ọ̀la la ó bọ́ nínú wàhálà yìí." Ó rí Arídìí lórí àga. "Ẹ káàsán o, Màmá. A ní àlejò?"

"Aránṣọ ló mú mi wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wo lẹ́tà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ọ́ nínú àpòòwé, ó nà án sí i. Arídìí kà á tán láìyára. Sájẹ́ńtì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà síwájú bí igi, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó dára," ni Arídìí wí. "Ìbuwọ́lù wà. Nọ́ńbà pé. Òǹtẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ Sájẹ́ńtì wo ni ìbọn bà?"

"Òsì ni. Ẹ ò rí i ni?"

"Ẹ kọ ọ̀tún síbí."

"Háà. Ó ṣì mí lọ́wọ́ ni. Ọjọ́ ogbó."

"Wọ́n á ní kó ká ṣòkòtò sókè lọ́la, wọ́n á wo itan ọ̀tún, wọn ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n á ní irọ́ ni, ó parí nìyẹn. Ẹ kò lè ṣi òsì kọ, Bàbá. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òsì ni wọ́n kọ sí fáìlì tiyín. Ẹ jẹ́ ká rí àpá tiyín."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú Bàbá Akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

"Fáìlì tirẹ̀ báwo?" ni Sájẹ́ńtì béèrè. "Akọ̀wé, kí ni obìnrin yìí ń sọ?"

"Mẹ́dàlì méjì ló gbà, Bàbá," ni Aránṣọ wí. "Mẹ́dàlì yín ni."

Sájẹ́ńtì yí ojú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O ní o ti tún un ṣe. O ní ọ́fíìsì òkè ló bà á jẹ́."

"Kí ló yẹ kó tún ṣe?" ni Arídìí béèrè. "Ẹ sọ ọ́, Sájẹ́ńtì. Ẹni tí ẹ ń bò kò bò yín."

Arúgbó náà pa ojú dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Ìwé ìpè orúkọ. Alẹ́ ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Tí ọ̀gá bá ti buwọ́ lù ú, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnì kejì pààrọ̀, irin nọ́ńbà ni wọ́n á jọ pààrọ̀, á sì dáhùn sí orúkọ ẹnì kejì láàárọ̀. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, afárá ni wọ́n kọ Akọ̀wé sí, ó sì ń bì. Ẹ̀rù ń bà á, ọmọdé ni wá. Ilé ìkẹ́rù ni wọ́n fi èmi sí. Mo ní kó mú irin rẹ̀ wá. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ ọ́ láéláé. Mo búra. Nígbà tí mo jáde ní ọsibítù, ó ní òun ti bá ọ̀gá sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́, pé wọ́n á gbé orúkọ mi padà síbi tó yẹ."

"O ti relé nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ogun," ni Bàbá Akọ̀wé wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó ń sunkún ayọ̀. Kí ni kí n sọ? Kí n ní mo sá ni?"

"Lọ́jọ́ yẹn, bóyá o ò lè sọ ọ́," ni Sájẹ́ńtì wí. "Ọjọ́ kejì ńkọ́?"

Bàbá Akọ̀wé yíjú sí ilẹ̀kùn.

Aránṣọ ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá Akọ̀wé, bí ẹ ò bá fẹ́ kó rí i gbà, kí lẹ wá ń kọ lẹ́tà fún? Ẹ̀ẹ̀meje! Ẹ ò bá kúkú ní ẹ ò kọ."

Ọwọ́ Bàbá Akọ̀wé ń ká etí àpòòwé náà.

"Kó má baà gbé e fún ẹlòmíràn kọ," ló wí.

Aránṣọ rí i tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ó kàn fa ẹsẹ̀ òsì náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tí ó ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà fún àlejò tó ń jáde lọ.

Arídìí gbé bébà àti bírò sórí tábìlì. "Ẹ jókòó, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Bí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Fáìlì yín á wà níwájú ìgbìmọ̀. Dókítà wọn á wo itan yín méjèèjì. Ẹ lè fi ọwọ́ yín kọ ọ́ níhìn-ín, ẹ sì lè bọ́ ṣòkòtò fún wọn níbẹ̀. Èyí tó bá wù yín."

Ó jókòó. Ó kọ ọ́.

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nínú ọkọ̀, Aránṣọ sọ ohun tí kò jẹ́ kó sùn.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo pè yín ní òpùrọ́."

Sájẹ́ńtì ń wo ìta. "Ọ̀rọ̀ tìrẹ ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ìwọ ò sí níbẹ̀."

Ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ènìyàn márùn-ún lẹ́yìn tábìlì gígùn kan. Wọ́n ka ohun tí Bàbá Akọ̀wé kọ. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì, wọ́n fi ariwo béèrè ọ̀rọ̀, ó fi ariwo dá wọn lóhùn. Dókítà mú Sájẹ́ńtì wọ yàrá kékeré, ó mú un jáde. Ọkùnrin fáìlì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú ojú burúkú rẹ̀, ó ń na ìwé sí wọn kí wọ́n tó béèrè fún un.

"Ẹ mọ̀ pé òfin ìgbà yẹn kò gba pípààrọ̀," ni alága wí. "Èéṣe tí ẹ kò sọ ọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tú u."

"Mo ti ṣe ìlérí, sà."

Alága wò ó. Ó bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ó kà á sókè: kí wọ́n tún ìwé ìpè orúkọ ọjọ́ náà ṣe, kí wọ́n kọ ọgbẹ́ náà sí nọ́ńbà ẹni tó ni ín, mẹ́dàlì ìgboyà kan, mẹ́dàlì ọgbẹ́ kan, kí wọ́n pa méjèèjì rẹ́ nínú fáìlì kejì. Ó dìde dúró. Àwọn mẹ́rin yòókù dìde. Sájẹ́ńtì náà dìde, ó ṣòro fún un, Aránṣọ fẹ́ dì í mú, Arídìí fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Fi í sílẹ̀," ló sọ sí i létí. "Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró."

Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá Akọ̀wé wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun wọlé. Ó rí wọn, ó fẹ́ dìde, kò dìde tán. "Sájẹ́," ló wí. "Sájẹ́, ọ̀rẹ́ mi."

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Aránṣọ ti wà láyé. Kò gbọ́ kí àwọn méjèèjì pe ara wọn ju Sájẹ́ àti Akọ̀wé lọ rí, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, bí àwọn ọmọ tí ìyá kan bí.

Bàbá rẹ̀ dúró. Ó tẹ orí ba díẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń tẹrí fún àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ kú ìjókòó, sà," ló wí, ó sì ń tiro lọ sí ẹnu ọ̀nà.